Ẹṣin Tó Gbé Ẹsẹ̀ Méjì Sókè

Nígbà tí oníṣẹ́ ọnà ṣí aṣọ lórí ère amọ̀ náà, opó wò ó tòkè-tilẹ̀, ó sì pòṣé. Ọkọ rẹ̀ ló gẹṣin yẹn, tó mú idà dání. Kẹ̀kẹ́ lásán pàápàá, kò lè gùn ún nígbà ayé rẹ̀. Bí ajá bá gbó, ẹ̀yìn ìyàwó ló ń sá sí.

Wọ́n pè é kó wá fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ni, torí lọ́la ni wọ́n fẹ́ fi idẹ da ère náà, kí wọ́n gbé e síwájú ilé ìgbìmọ̀.

"Ìyàwó wa, ẹ wo ẹ̀gbọ́n mi bó ṣe ń dán," ni àbúrò ọkọ rẹ̀ wí.

"Kò dán báyìí nígbà tó wà láyé." Ó kọjú sí oníṣẹ́ ọnà. "Kí lẹsẹ̀ ẹṣin yìí ń ṣe lókè?"

"Nínú iṣẹ́ tiwa, mà, bí ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì bá wà lókè, ojú ogun lẹni tó gùn ún kú sí. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wà nílẹ̀, orí ibùsùn ló kú sí."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ gbé méjì?"

Oníṣẹ́ ọnà wo àbúrò ọkọ. Ìyẹn ń wo àjà.

Orí ibùsùn lọkọ rẹ̀ kú sí, lẹ́yìn tó jẹun yó. Nígbà tí wọ́n pè é sógun, ẹ̀yìn ló ní ó ń dun òun. Àkọ́bí wọn, ọmọ ogún ọdún, ló lọ dípò rẹ̀. Wọn ò rí òkú ọmọ náà sin, orúkọ rẹ̀ kò sì sí lára ògiri ìrántí kankan.

"Iyì ìdílé là ń wá," ni àbúrò ọkọ sọ. "Ẹṣin tó fẹsẹ̀ mẹ́rin dúró ò níyì."

"Lára òkú ọmọ mi lẹ ti fẹ́ jí iyì ọ̀hún." Ó da ìwé náà padà sórí tábìlì láìfọwọ́ sí i. "Ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Ẹ gé ọkọ mi kúrò níbẹ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ ẹṣin sílẹ̀ bó ṣe wà, kẹ́ ẹ kọ orúkọ ọmọ mi sábẹ́ ẹ̀."

Oníṣẹ́ ọnà mú ọ̀bẹ amọ̀. "Ṣé kí n wá mọ ọmọ yín sórí ẹ̀ ni, mà?"

"Rárá," ni opó dáhùn. "Ibi tó ṣubú sí, a ò tíì rí i."