Ìborí Areti

Ẹsẹ̀ òsì yìí... ṣé ó dúró dáadáa ṣá? Mi ò lè wò ó. Tí mo bá wolẹ̀ pẹ́nrẹ́n, màá rí gbogbo ará Kastraki, abúlé wa, tí wọ́n gbójú sókè, àlùfáà, àwọn ìyá àgbà, Fotis àbúrò mi tó di okùn mi mú nísàlẹ̀. Ihò Jọ́ọ̀jì Mímọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn mí lórí. Ibẹ̀ la ti ń so ìborí àwọn aláìsàn lọ́jọ́ àjọ̀dún rẹ̀. Ó kù díẹ̀ — ọwọ́ mi ò ṣí kúrò lára àpáta.

Ìborí Areti wà láyà mi. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni Areti, ìyàwó Fotis, ti tú u kúrò lórí rẹ̀. "Ẹ bá mi so ó, ẹ̀gbọ́n. Tí ẹ bá ti so ó, ara mi á mọ̀." Ìborí tó bá gòkè, tó tún bá ẹni tó gbé e sọ̀kalẹ̀... wọ́n á ní Ẹni Mímọ́ kọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́ létí Areti. Ṣùgbọ́n ó máa rí ojú ọkọ rẹ̀.

Bàbá mi gun ibí. Bàbá tó bí i gùn ún, ọwọ́ lásán. Ilé wa kì í gbé ìborí padà wálé. Àfi èmi... rárá. Mi ò tíì gbé e padà.

Ta ló rán mi? Lọ́jọ́ tí mo fiṣẹ́ báńkì sílẹ̀, Àǹtí Kalomira ní, "Asimina, ṣé ọkọ lò ń wá lọ sórí àpáta ni? Òbúkọ nìkan ló wà níbẹ̀ o." Fotis rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo ní báńkì ń fún mi lọ́rùn. Mo di ẹni tó ń mú àlejò gun òkè. Òkè náà tún ń fún mi lọ́rùn. Mo tọ àwọn ìyá ajẹ́jẹ̀ẹ́ lọ, wọ́n fún mi ní okùn àdúrà oníkókó, kókó kan, àdúrà kan. Jésù Olúwa, ṣàánú fún mi. Jésù Olúwa, ṣàánú... Mò ń payín keke kà á. Ìyá Theodouli, ọ̀kan nínú wọn, wo ọwọ́ mi. "Rọra dì í mú, ọmọ mi. Kò fẹ́ sá lọ."

Fotis náà sọ ọ́, nígbà tó ń so okùn mọ́ mi nídìí. "Tó bá rẹ̀ yín, ẹ jókòó sínú okùn, kí ẹ sinmi. Oúnjẹ Areti ló yọ ikùn mi tó báyìí, ẹ ò lè fà mí ṣubú." Mo ní kó di tirẹ̀ mú. Mo ní mi ò wá jókòó.

Kí n jókòó. Kí n gbé gbogbo ara mi lé Fotis lọ́wọ́, Fotis tí mo kọ́ ní ìrìn? Tí okùn bá... Mi ò jókòó sínú okùn ẹnikẹ́ni rí. Èmi ni mo máa ń di àwọn àlejò mú. Ní báńkì, ṣe ni mò ń tún iṣẹ́ àwọn tó kù ṣe lẹ́yìn wọn. Ṣàánú fún mi, ṣàánú fún mi — mi ò sì fún àánú láyè kó gbé mi rí.

Ó ti rẹ apá mi. Òkúta tutù mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ibi tí bàbá mi bá a náà ló ṣì wà.

Àpáta yìí kò mú mi. Èmi ni mo mú un. Fotis, di okùn mú... mo fẹ́ jókòó.