Sọ́rì Muslimat

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹsẹ̀ kọ níwájú ṣọ́ọ̀bù Muslimat ní Nombakélé, àdúgbò kan ní Libreville ní Gabon, "Sọ́rì o!" ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu Muslimat. Òjò pa yín? Sọ́rì. Ẹ̀ ń wúkọ́? Sọ́rì.

Ó ti sú Bushrah ọmọ rẹ̀, tí wọ́n bí sí Libreville. "Màmá, níbí, ẹni tó bá jẹ̀bi ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní ẹ̀yin lẹ tì wọ́n."

Inú bí ìyá. "Ó tó! O ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi mọ́."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Bushrah fẹsẹ̀ kọ páálí ọṣẹ, ó ṣubú gbì. Muslimat sáré fọwọ́ bo ẹnu.

"Màmá! Ẹ ò tiẹ̀ lè sọ pé sọ́rì?"

"Ṣé èmi ni mo tì ẹ́?"