Ọkọ̀ Ìràwọ̀ Lambi

Oṣù mẹ́ta gbáko ni Zornitsa fi pa ọ̀rọ̀ kan mọ́ sábẹ́ ahọ́n. Lambi ọkọ rẹ̀ kò fura rárá. Ó ti pé ẹni ogójì ọdún, síbẹ̀ ìwé ìtàn àwọn tó ń rìnrìn àjò láàárín ìràwọ̀ ló máa ń kà lórí àga títí oorun yóò fi gbé e lọ, tí ìwé yóò sì bò ó lójú bíi fìlà.

Ọkọ̀ ìràwọ̀ kan wà ní abúlé kan lórí òkè. Pákó àti páànù lásán ni. Àwọn tó ń ṣe fíìmù ló kàn án nígbà tí Lambi wà ní kékeré. Nígbà tí wọ́n parí iṣẹ́ wọn, wọ́n fi í sílẹ̀ fún ewúrẹ́. Lambi àti bàbá àgbà rẹ̀ wo fíìmù yẹn títí téèpù fi já. Láti ọmọ ọdún méje ló ti ń lálàá pé òun jókòó sórí àga awakọ̀ náà. Bàbá Spas tó ni ilẹ̀ náà ti wá gbé ibùsùn sínú rẹ̀, ó ń gba àlejò síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ọjọ́ Ajé ni wọn yóò wá tú u. Sátidé tó gbẹ̀yìn ni Zornitsa gbà, fún òun àti Lambi, àwọn méjì péré.

Àṣìṣe rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Sátidé náà bọ́ sí ọjọ́ Haralampi Mímọ́, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ Lambi. Lọ́dọ̀ wọn, ọjọ́ ẹni mímọ́ tí ènìyàn ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni ọdún orúkọ onítọ̀hún, a kì í sì í pe ènìyàn wá síbẹ̀. Ẹni tó bá rántí ló ń wá, onílé kò sì gbọdọ̀ tilẹ̀kùn. Ní Sófíà, olú ìlú, tí wọ́n ti gbé fún ọdún mẹ́wàá, ta ni yóò gun àtẹ̀gùn ilé alájà méje nítorí Lambi? Zornitsa gbàgbé pé àwọn ti padà sí ìlú àwọn ẹbí Lambi.

Àpò ti wà nínú búùtù mọ́tò nígbà tí aago ẹnu ọ̀nà dún.

“Ẹ kú ọdún o!” Kalinka, ìyá Lambi, ló wọlé, pẹ̀lú àwo ńlá ìrẹsì tí wọ́n fi ewé kábéèjì dì. “Ìyàwó wa, kí ló dé tí tábìlì ṣófo báyìí? Ààwẹ̀ lẹ ń gbà ni?”

“Màmá, a fẹ́ jáde díẹ̀ ni…”

“Jáde lọ síbo? Ṣé ọlọ́dún máa ń sá fún ọdún ni? Gbé ìkòkò wá, jàre.”

Gancho, àbúrò bàbá Lambi, dé pẹ̀lú ìgò oyin. Àwọn aládùúgbò tẹ̀lé e. Kó tó di ọ̀sán, ènìyàn mọ́kànlá ti jókòó, Zornitsa sì ń gé búrẹ́dì bí ẹni ń gé igi. Ó rọra bu wáìnì sínú ife kékeré, bóyá wọn yóò tètè lọ.

“Ìyàwó, ṣé oògùn ikọ́ nìyí?” ni Gancho wí. “Ìgò ni kó o gbé wá!”

Fóònù dún. Bàbá Spas ni. “Ọmọ mi, yìnyín ń bọ̀ o. Tó bá fi di aago mẹ́rin, ẹ ò ní lè gun òkè mọ́.”

Omi fẹ́ lé sí i lójú. Bó bá sọ ọ́, ìyàlẹ́nu náà bàjẹ́. Bí kò bá sì sọ ọ́, ọkọ̀ ìràwọ̀ lọ nìyẹn.

Gancho na ìka sí ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lambi. “Lambi, àwọn ará òkè ọ̀run rẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n ti kí ẹ kú ọdún?”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Lambi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rọra ti ìwé náà sẹ́yìn tìmùtìmù. Zornitsa rí i. Ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Ó tó gẹ́ẹ́!” Ó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ọkọ̀ náà, ibùsùn inú rẹ̀, àwọn oníirin, aago mẹ́rin.

Lambi yíjú sí i.

“Ti inú fíìmù wa yẹn?” Ohùn Lambi ti rí bákan. “Ó ṣì wà?”

“Títí di ọjọ́ Ajé.”

Kalinka pàtẹ́wọ́. “Kí ló dé tó ò tètè sọ, ìwọ ọmọ yìí? Ẹ dìde, ẹ dìde!”

Ọkàn Zornitsa fúyẹ́. Ó rò pé ilé wọn ni wọ́n ń lọ. Rárá o. Ibi tí ọlọ́dún bá wà ni ọdún wà. Mọ́tò mẹ́rin ló tò tẹ̀ lé tiwọn gun òkè, toyin toyin, tọtí tọtí.

Nígbà tí wọ́n dé, Lambi wọ inú ọkọ̀ ìràwọ̀ bí ẹni wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Kí Zornitsa tó gbé ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e, Gancho ti bọ́ sórí àga kejì. “Awakọ̀, ó di inú òṣùpá!”

“Bá mi di èyí mú, ìyàwó,” ni Kalinka wí, ó sì gbé àwo kábéèjì lé e lọ́wọ́.

Yìnyín ti ń já bọ́. Zornitsa rí Lambi láti ojú fèrèsé róbótó, ọwọ́ rẹ̀ lórí ìdarí, ojú rẹ̀ bí ti ọmọ ọdún méje. Kò gbọ́ ohun tí Gancho ń wí. Ó wò yíká títí ó fi rí ìyàwó rẹ̀, ó sì tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ gíláàsì.

Ọwọ́ Zornitsa méjèèjì kò ṣófo. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi iwájú orí kan gíláàsì níbi tí ọwọ́ náà wà. Ó tutù rinrin.

“Ìyàwó!” ni Kalinka ké. “Àwo ń dà nù o!”