Igi Tí Wọ́n Gé De Àlejò

Oòrùn ló kọ́kọ́ sọ fún un pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Obìnrin aránṣọ ń lọ síbi omi ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó mú ìgbálẹ̀ dání, ó ń ro iṣẹ́ tó kù nílẹ̀ kí àlejò tó dé, ló bá di pé oòrùn ta sí i lójú yòò. Ó dúró. Láti ìgbà tó ti gbọ́njú, oòrùn kò ráyè wọ ibẹ̀ yẹn rí. Abẹ́ igi ńlá kan ni ọ̀nà ti máa ń yà lọ síbi tí omi ti ń já láti orí àpáta. Ibẹ̀ a máa tutù, a sì máa ṣú bíi yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa. Ó fọwọ́ ṣíji bo ojú, ó wòkè. Ojú ọ̀run gbàgàdà ló rí.

Ó sáré yí kọ̀rọ̀. Igi náà ti wà nílẹ̀, ó nà gbalaja, ó sì ti wó àwọn igi kéékèèké mìíràn mọ́ra bó ṣe ń ṣubú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin jókòó lórí rẹ̀, ayùn ẹlẹ́ńjìnnì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ń retí ọpẹ́. Iṣẹ́ igi gígé ló fi tọ́ gbogbo ọmọ rẹ̀ dàgbà, Agégẹdú sì ni abúlé ń pè é. Kì í ṣe pé ó gé igi náà nìkan, ó tún ti gbálẹ̀ yí i ká.

“O ò rí i bó ṣe mọ́lẹ̀?” ló wí. “Láti ibí, èèyàn á ti máa rí omi. Kò sí ohun tó ń díni lójú mọ́.”

Obìnrin náà ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ewé, pẹ̀lú aṣọ tó fẹ́ fi gbàlejò lọ́rùn rẹ̀.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ló ti ń wá ẹni tó máa wá wo abúlé wọn, abúlé inú igbó kìjikìji, tí mọ́tò kì í fẹ́ dé, tí ọ̀dọ́ tó bá ti lè dá ẹrù ara rẹ̀ gbé ti ń wá ọ̀nà jáde. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló fi kọ́ yàrá mẹ́ta sí ẹ̀yìnkùlé. Òun fúnra rẹ̀ ló rán kọ́tìnnì, òun ló rán aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó sì ń gun òkè ẹ̀yìn ilé ìwé, níbi tí fóònù ti ń gbọ́ràn díẹ̀, títí ó fi rí obìnrin kan bá sọ̀rọ̀ tó ń kó àwọn arìnrìn-àjò wọ igbó káàkiri. Obìnrin náà ní òun á wá fojú ara òun rí i. Ó ní òun á mú olówó kan dání, ẹni tó ń wá ibi tó máa kọ́lé àlejò sí. Òní ni wọ́n ń bọ̀.

Níbi ìpàdé abúlé, obìnrin aránṣọ sọ fún gbogbo èèyàn pé torí ìlọsíwájú abúlé ni òun ṣe ń pe àlejò. Kò sí ẹni tó gbà á gbọ́. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ kan ṣoṣo tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kó tó kú, ń lọ sí ìlú ńlá ní Sátidé, pé ó fẹ́ lọ máa tajà ní ṣọ́ọ̀bù àbúrò bàbá rẹ̀. Bí àlejò bá gbà láti máa wá, iṣẹ́ á wà, ọmọ á sì dúró. Ọ̀rọ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

“Igbó ni wọ́n ń bọ̀ wá wò,” obìnrin aránṣọ wí nígbẹ̀yìn.

“Àbúrò mi, ta ló máa ti ìlú ńlá wá wo igbó?”

Kì í ṣe ẹ̀gàn ló fi sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà ń yà á lẹ́nu ní tòótọ́ ni. Ó rán an létí àwọn wolé-wolé tó wá lọ́dún tó kọjá, bí ọ̀kan nínú wọn ṣe dé ibí yìí gan-an, tó yọjú wo òkùnkùn, tó ní òun kì í wọ ibi tí ejò ti máa rí òun kí òun tó rí i, tó sì ṣẹ́rí padà. Ojú ti òun lọ́jọ́ náà, ó wí, bí ẹni pé yàrá òun ni wọ́n sọ pé ó dọ̀tí. Ṣebí aránṣọ fúnra rẹ̀ ló sì pariwo ní ìpàdé pé kí oníkálukú tún apá ibi tirẹ̀ ṣe. Àwọn obìnrin kun ilé, àwọn ọmọ ilé ìwé ro ojú ọ̀nà. “Èmi, ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ni mo ṣe. Igi kan kì í sì í dá igbó ṣe. Ẹyọ kan péré ni mo gé.”

Kò pẹ́ tí olórí abúlé fi dé. Ó wo igi, ó wo obìnrin náà, ó wúkọ́. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí wọ́n sọ fún àlejò pé ìjì ló wó o. Agégẹdú, tí ọ̀rọ̀ ti ń yé díẹ̀díẹ̀, fara mọ́ ọn. Ó ní òun tiẹ̀ lè wábi gbà lọ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Obìnrin aránṣọ dìde, ó gbọn ewé kúrò lára aṣọ. Ó fọwọ́ pa ojú kùkùté igi náà. Ó ń dán bíi tábìlì.

“Ìjì wo ló ní eyín ayùn?” ó bi wọ́n.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa ń bá a, irọ́ tiwọn yìí kò sì lè rìn kọjá ìdí kùkùté kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Inú ń bí obìnrin náà débi pé ó fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun kó ẹ̀ka kúrò lójú ọ̀nà, kó lọ wẹ̀, kó wọ aṣọ tó mọ́, kó sì dúró sí ìdí igi rẹ̀ kí àlejò bá a níbẹ̀. Òun á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó lọ gbá ọ̀nà yòókù.

Mọ́tò àwọn àlejò kò lè kọjá afárá tó kẹ́yìn, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rin èyí tó kù. Obìnrin àlejò kì í ṣe ọmọdé mọ́, orúnkún ń dùn ún, ó sì ń wo òkè ju ilẹ̀ lọ. Olówó tó bá a wá wọ bàtà funfun, nínú igbó ẹlẹ́rẹ̀. Kí wọ́n tó dé ilé àkọ́kọ́, àwọn ọmọdé ti sọ ọ́ ní Bàtà Funfun, orúkọ náà sì ṣì ń jẹ́ tirẹ̀ nígbà tí bàtà fúnra rẹ̀ kò funfun mọ́.

Ọmọ aránṣọ kò fẹ́ bá wọn lọ síbi omi. Láti ọjọ́ yìí ló ti ń fi ọ̀rọ̀ àlejò ṣe ìyá rẹ̀ yẹ̀yẹ́, tó ń bi í bóyá wọ́n á máa já tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọ̀bọ inú igbó pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n orúnkún obìnrin àlejò fẹ́ ẹni tó máa fara tì, èjìká ọmọ yìí ló sì sún mọ́ ọn jù. Bí wọ́n ṣe ń lọ, ẹyẹ kan fò kọjá lókè, ìyẹ́ rẹ̀ ń dún fùù fùù, obìnrin àlejò béèrè irú ẹyẹ tó jẹ́. Ọmọbìnrin náà sọ orúkọ ẹyẹ náà. Ó sọ bí abo rẹ̀ ṣe máa ń wọ inú ihò igi lọ yé ẹyin, tí wọ́n á fi ẹrẹ̀ dí ẹnu ihò náà, tí á wá ku ojú kékeré tí akọ á ti máa gbé oúnjẹ fún un. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ròyìn aládùúgbò. Ìyá rẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò mọ̀ pé ó mọ ìyẹn. Ìgbà tó ń tẹ̀ lé Agégẹdú lọ síbi iṣẹ́ ní kékeré ló ti kọ́ ọ.

Wọ́n dé ìdí kùkùté. Obìnrin àlejò fi èjìká ọmọbìnrin náà sílẹ̀, ó lọ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ojú igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, tí omi ṣì ń sun lára rẹ̀. Ó béèrè ẹni tó gé e. Olórí abúlé wúkọ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi ni,” obìnrin aránṣọ dáhùn. “Ó rò pé òkùnkùn máa bà yín lẹ́rù. Torí yín ló ṣe gé e.”

Obìnrin àlejò wo Agégẹdú, tó ń wo ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bàtà Funfun ló sọ̀rọ̀. Ó ti gun orí igi tó wà nílẹ̀, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, inú rẹ̀ ń dùn gidigidi.

“Ẹ ti bá wa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn,” ó wí.

Ó ṣàlàyé. Hòtẹ́ẹ̀lì ńlá ló máa wà níbí, tí gbogbo yàrá rẹ̀ á kọjú sí omi. Ibi ìgbọ́kọ̀sí á wà lọ́hùn-ún, ọ̀nà ọ̀dà á sì dé ìdí àpáta. Ó bi Agégẹdú bóyá òun àti ayùn rẹ̀ lè tẹ́ gbogbo igi láti ibẹ̀ dé etí omi sílẹ̀ kí òjò tó le. Ó ní kò sí ọ̀dọ́ tó máa wáṣẹ́ tì ní abúlé náà mọ́. Ó nàka sí ọmọ aránṣọ, ó ní irú èyí ló yẹ kó máa jókòó sí iwájú, kó máa gba àlejò.

Ká má purọ́, ọkàn obìnrin náà fò sókè. Ohun tó ń tọrọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún gan-an ni ọkùnrin yìí ń kà sílẹ̀ fún un, bí ẹni pé wọ́n jọ gba àdúrà náà ni. Ó rí ọmọ rẹ̀ nídìí tábìlì tó ń dán, nínú aṣọ tí òun rán, tó ń kí èèyàn káàbọ̀. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, ó wí nínú ara rẹ̀. Ó tún wòkè, ó wo ihò tí igi kan ṣoṣo fi sílẹ̀ lójú ọ̀run, ó gbìyànjú láti fojú inú wo ihò tí gbogbo wọn máa fi sílẹ̀. Kò rí abúlé kankan nínú rẹ̀.

Agégẹdú kò tíì dáhùn. Àbúrò rẹ̀ ló ń wò. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí obìnrin yìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bi í léèrè ohunkóhun rí kó tó ṣe é, ìbáà ṣe ìgbéyàwó, ìbáà ṣe igi. Òní ló dúró gbọ́ ohun tó máa wí.

“Kò ní gé òmíràn,” obìnrin aránṣọ wí.

Olórí abúlé ní kó rọra, kí wọ́n lọ jíròrò nílé ná.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán. Ọmọ mi nìyí. Sátidé ló ń lọ, ó sì ń dùn mí wọ egungun. Torí kó lè dúró ni mo ṣe ránṣẹ́ pè yín, kì í ṣe torí ìlọsíwájú kankan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gé gbogbo ibí tán, kí ló máa dúró tì?”

Ọmọbìnrin náà gbójú sókè. Ìyá rẹ̀ kò wò ó. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá wò ó, òun á yí ọ̀rọ̀ padà.

Bàtà Funfun rẹ́rìn-ín. Ó ní abúlé inú igbó pọ̀ lọ súà, pé kí wọ́n lọ rò ó dáadáa, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lórí igi. Olórí abúlé tẹ̀ lé e dé ìdí mọ́tò, ó ń bẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ọ̀nà. Nígbà tó padà dé, ó sọ fún aránṣọ lójú gbogbo èèyàn pé ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ta ire nù. Kò bá a jiyàn. Ó lè jẹ́ òótọ́. Agégẹdú ló gbé ayùn kọ́ èjìká, tó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Má bínú, àbúrò mi,” ó wí, ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí.

Obìnrin àlejò kò bá Bàtà Funfun padà. Ó ní orúnkún òun kò gba ìrìn náà lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, òun á sùn sí yàrá tí wọ́n sọ fún òun lórí fóònù, mọ́tò mìíràn á wá gbé òun lọ́la. Kò fi ọ̀rọ̀ dídùn tan ẹnikẹ́ni. Ó sọ fún obìnrin aránṣọ pé òkùnkùn abẹ́ igi yẹn gan-an ló mú òun wá, pé òun kò lè kó èèyàn rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ wá wo kùkùté. Obìnrin aránṣọ ní òun gbọ́. Ó ní kí wọ́n máa lọ sílé ṣá, oúnjẹ ti ń tutù.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó bu omi gbígbóná sínú garawa, ó gbé e lọ fún àlejò rẹ̀ kó fi wẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá ṣí díẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló wà nínú ibẹ̀, ó ń fi òróró ra orúnkún obìnrin náà, ọ̀rọ̀ sì ń lọ láàárín wọn. Ọmọbìnrin náà ń sọ pé àwọn igi tó ju ìyẹn lọ wà lókè odò, wọn kò lóǹkà, ọ̀sán gangan á sì dà bí ìrọ̀lẹ́ lábẹ́ wọn. Agégẹdú fúnra rẹ̀ kì í gbé ayùn débẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ ni kò dára lásìkò òjò.

“Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn dé,” ó wí. “Ẹ kó àwọn àlejò yín wá nígbà yẹn. Èmi ni màá mú yín lọ.”

“Ṣebí Sátidé lo ń lọ?” obìnrin àlejò béèrè.

Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, garawa wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ má kó ju èèyàn mẹ́fà wá o,” ni ọmọ náà wí. “Ọ̀nà yẹn kò gba èrò.”

Obìnrin aránṣọ kò wọlé. Ó ń rò ó bí gbogbo ẹ̀bẹ̀ tó wà lẹ́nu òun láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ṣe lọ sọ́dọ̀ àlejò, bí òun ṣe gun òkè torí wọn, tí òun rán aṣọ bẹ́ẹ̀dì dè wọ́n, tí òun kò sì fi ẹnu kan náà sọ fún ọmọ tó wà nínú ilé pé kó má lọ. Òní ló tó sọ ọ́, níwájú àjèjì, nídìí kùkùté. Garawa ń wúwo lọ́wọ́ rẹ̀, omi inú rẹ̀ sì ti ń lọ sí lọ́wọ́ọ́wọ́. Ó rọra yí padà, kí bàtà rẹ̀ má baà dún, ó lọ tún un gbé kaná.