Òǹrorò Ẹnu Géètì

...ẹgbẹ̀rún mẹ́rin èèyàn ló ti pín in kiri báyìí. Àbí márùn-ún. Mi ò fẹ́ wò ó mọ́. Mo tún ń wò ó.

Fọ́tò kan ṣoṣo. Òjò, ọmọ iléèwé mẹ́ta níta géètì, Bàbá Aṣọ́nà nínú lọ́hùn-ún, ó káwọ́ pọ̀nyìn bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ò kàn. Láti fèrèsé kíláàsì mi lókè ni mo ti yà á. Mo kọ ọ̀rọ̀ kan sábẹ́ ẹ̀: Òǹrorò. Ọ̀rọ̀ kan péré — mo tiẹ̀ rò pé mo kó ara mi níjàánu.

Ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ ni mò ń jà fún. Ṣebí ẹ̀tọ́ ni...

Bàbá Aṣọ́nà fúnra ẹ̀ wá bá mi láàárọ̀ àná: "Tíṣà mi, ẹ wo fọ́tò yín dáadáa. Ṣé ẹ rí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi?"

Ohùn ẹ̀ ò le. Ìyẹn ló ń dà mí láàmú. Ó ní tí agogo àárọ̀ bá ti lù, kọ́kọ́rọ́ géètì di ti ọ̀gá àgbà, inú tábìlì ọ̀gá ló ń wà títí aago mẹ́sàn-án; ọmọ tó bá pẹ́, ìta ló máa dúró sí. Oṣù méjì péré ni mo dé ibí, mi ò mọ̀ — rárá, mi ò bèèrè. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá péré ni ǹ bá sọ̀ kalẹ̀ lọ bi í.

Aago méjì òní làwọn òbí máa ṣèpàdé lórí ẹ̀. Wọ́n á lé e. Ọdún mọ́kàndínlógún lẹ́nu géètì kan.

Mo ti kọ àtúnṣe. Mo ṣàlàyé kọ́kọ́rọ́, mo tọrọ àforíjì. Èèyàn mẹ́fà ló dá sí i. Ọ̀kan ní, "Àǹtí Tíṣà, òǹrorò yẹn ti fi ẹnu dídùn mú yín." Màmá mi náà láàárọ̀ yìí, bí wọ́n ṣe ń po tíì: "Òǹrorò iléèwé yín yẹn ńkọ́, ṣé wọn ò tíì lé e ni?" Wọn ò bínú. Wọ́n kàn pè é bí ẹni ń pe orúkọ.

Ó ti rẹ̀ mí.

Àtúnṣe mi ò ta wọ́n lára, ìdí nìyẹn. Kí n kọ òmíràn kí aago méjì tó lù — ṣókí, kí wọ́n mọ ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ gan-an. Mo ní fọ́tò ọ̀gá àgbà kan, ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín. Á bá a mu. Ó ku ọ̀rọ̀ kan péré...

Lẹ́tà méjì ni mo tẹ̀. Fóònù bá mi parí ẹ̀: Òǹrorò.

Ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà rèé, ilẹ̀kùn kẹta sí tèmi. Mi ò tíì bèèrè lọ́wọ́ òun náà.