Orin Màmá Abigail Lórí Fóònù

Èmi Dókítà Adémúyìwá, alágídí ni mí, n kò sì tijú láti sọ ọ́. Nígbà tí Adédoyin, ọmọbìnrin kan láti yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, gbé ìwé ìbéèrè wá sí ọsibítù mi ní Òkè-Àgbò, Ìjẹ̀bú-Igbó, tó ní ṣé mo lè gbà láti máa wo aláìsàn lórí fóònù, mo fi bírò kọ "Rárá" gàdàgbà. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń fọwọ́ tẹ ikùn, tí mò ń ṣí ìpéǹpéjú wò. Fóònù wo ló máa ṣe ìyẹn?

Ọláníkẹ́, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ibùdó ìlera kékeré ní Òde-Omi, ni kò fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ọ̀ràn bá ta kókó fún un ló máa ń pè mí pé, "Dókítà, ẹ jẹ́ kí n fi aláìsàn yìí hàn yín lórí fídíò." Ìdáhùn kan náà ni mo máa ń fún un: "Gbé e wá." Ẹnu ló rọrùn. Láti Òde-Omi, èèyàn ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi kó tó rí mọ́tò tó máa gbé e wá sí Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ní oṣù kẹfà ọdún tó kọjá, ìjì ń jà lórí ọ̀sà, àwọn ọlọ́kọ̀ sì kọ̀, wọn ò lọ síbì kankan. Ọláníkẹ́ pè mí lọ́sàn-án. Wọ́n ti gbé Màmá Abigail, ìyá ìjọ Aládùúrà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, wá bá a.

"Dókítà, ó rẹ̀ wọ́n gan-an, wọn ò sì sọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ẹ̀rù ń bà mí. Kò síbi tí mo lè gbé wọn gbà lónìí."

Kí ni mo fẹ́ wí? Mo ní kó tan fídíò náà. Inú mi ò dùn sí i.

Àwòrán ń gbọ̀n, ó ń dì. Aṣọ funfun nìkan ni mo ń rí. Mo kí màmá, mo béèrè ohun tó ń ṣe wọ́n.

"Kò sí nǹkan kan o, dókítà. Mo ti gba ìwòsàn."

"Ẹsẹ̀ yín ńkọ́? Ṣé kò wú?"

"Kò wú lórúkọ Jésù."

"Ṣé ẹ ń sùn dáadáa?"

"Mò ń sùn bí ọmọ tuntun."

Ó tán. Mo ní kí Ọláníkẹ́ fún wọn ní oògùn ara ríro, kí wọ́n lọ sinmi. Ká sọ tòótọ́, inú mi tiẹ̀ dùn díẹ̀: mo ti ń ro bí mo ṣe máa sọ fún ọmọ yunifásítì yẹn pé mo dán an wò, òfo ni.

"Dókítà, ẹ má tíì pa fóònù," Ọláníkẹ́ bẹ̀bẹ̀. "Aládùúrà ni wọ́n. Ẹ mọ̀ pé wọn ò ní fi ẹnu ara wọn pe àìsàn."

Ojú tì mí. Mo mọ̀. Nínú yàrá mi, bí aláìsàn bá ní òun ti gba ìwòsàn, màá ṣe àmín, màá sì tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Kí ló dé tí mo fi gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́ lónìí? Torí pé mo fẹ́ kí fóònù náà kùnà ni.

Mo jókòó dáadáa. Mo ronú ohun tí ìyá ìjọ kò ní kọ̀.

"Màmá, ẹ kọ orin ọpẹ́ kan fún mi, èyí tí ẹ fẹ́ràn jù."

Wọ́n gbé e tayọ̀tayọ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta, wọ́n mí. Ọ̀rọ̀ méjì, wọ́n tún mí. Wọn ò lè parí ìlà kan. Mo sì ń gbọ́ nǹkan tó ń hó lábẹ́ èémí wọn bí ìkòkò orí iná. Ọkàn wọn ti ń rẹ̀, omi sì ti ń kún ẹ̀dọ̀fóró.

"Ọláníkẹ́! Má jẹ́ kí wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀. Gbé wọn jókòó. Abẹ́rẹ́ tó ń fa omi jáde lára, ṣé ó wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó wà, sà."

A wà lórí fóònù títí di ìrọ̀lẹ́. Nẹ́tíwọ́kì já nígbà márùn-ún, Ọláníkẹ́ pè padà nígbà márùn-ún. Nígbà tó yá, màmá tọ̀ dáadáa, wọ́n sì kọ ìlà orin kan parí. Mo sunkún, àgbàlagbà bíi tèmi.

Lọ́jọ́ kẹta, ìjì rọlẹ̀, Ọláníkẹ́ fúnra rẹ̀ mú wọn wá. Mo tẹ ẹsẹ̀ wọn, mo gbọ́ àyà wọn: kò sóhun tí ọwọ́ mi rí tí orin yẹn ò tíì sọ fún mi. Nígbà tí màmá sùn, mo pe Ọláníkẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Àwọn tí mo ti ní kí o gbé wá, wọ́n tó mélòó?"

Ó fi ìka kà wọ́n.

"Mọ́kànlá ni, sà."

Mo gbìyànjú láti rántí ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Méje péré ni mo rí. Àwọn mẹ́rin yòókù ńkọ́?"

"Méjì kú lórí omi, sà. Àwọn méjì ní ọ̀nà jìn jù, kí àwọn kúkú kú sílé."