Awò Kẹ́hìndé

Ẹni tó bá fẹ́ bá Nùsírátù jà ní Mowe, kó sọ fún un pé ọmọ kan ló bí. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó dán an wò. Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pè é, Ìyá Ìbejì ló sì ń dáhùn, ìbáà jẹ́ ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló wà tàbí ìdí kànga. Ṣùgbọ́n Táíwò nìkan ló wà nílé. Nígbà tí àwọn ọmọbìnrin méjèèjì wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, ibà mú Kẹ́hìndé. Wọ́n rò pé ibà lásán ni. Kí wọ́n tó rò ó lẹ́ẹ̀kejì, Kẹ́hìndé ti di ẹni tí wọ́n ń sọ pé ó lọ ra iyọ̀, nítorí ẹnu wa kì í gbé e pé ìbejì kú.

Láti ìgbà náà, ohun tí wọ́n bá rà fún Táíwò, wọ́n á rà á fún Kẹ́hìndé. Nùsírátù kọ́ ló dá àṣà yẹn sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ wá láti Ìwó lọ́jọ́ tí wọ́n sìnkú ọmọ, ó fà á sí kọ̀rọ̀, ó ní kó má ṣe jẹ́ kí èyí tó lọ jowú èyí tó kù, pé bí inú bá bí i, ó lè wá pe ìkejì rẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Nùsírátù di ọ̀rọ̀ náà mú bí ẹni di okùn kànga mú. Bàtà méjì, báàgì méjì, aṣọ Iléyá méjì. Ti Táíwò á gbó, á ya. Ti Kẹ́hìndé á wọ inú àpótí tó wà lábẹ́ ibùsùn, á máa ta òórùn káńfọ̀ níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Lukman ọkọ rẹ̀, tó ń tún mọ́tò ṣe ní Asese, kò bá a jiyàn rí. Òun náà á ra nǹkan méjì bọ̀ nírọ̀lẹ́, á sì wojú ògiri nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bá ń ṣí àpótí.

Lọ́dún 2007 ni tíṣà tuntun kan dé ilé-ìwé tí Táíwò ń lọ. Olúfúnṣọ́ lorúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin gbọ̀ọ̀rọ̀ kan tí kì í fẹ́ jókòó. Ó ní òun kò ní ya ẹyẹ sójú bọ́ọ̀dù mọ́ nígbà tí ẹyẹ gidi kún àbàtà tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé. Ó ránṣẹ́ sí àwọn òbí pé ẹni tó bá lágbára kó wá awò ọ̀nà jíjìn fún ọmọ rẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní bainókúlà. Ó ní kò pọn dandan, kò sì yẹ kó wọ́n, àmọ́ kí wọ́n yẹra fún èyí tí wọ́n fi ike ṣe fún eré ọmọdé, torí kì í mú ohunkóhun súnmọ́ni. Ọ̀pọ̀ òbí fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá kan tilẹ̀ bi í léèrè bóyá ogun ló fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ jà.

Nùsírátù kò rẹ́rìn-ín. Ó rí Táíwò lẹ́nu ọ̀nà tó ká ìka rẹ̀ róbótó sójú méjèèjì, tó ń fi wo orí òrùlé ilé kejì. Ó ti pẹ́ tí ọmọ náà ti fẹ́ nǹkan kan tó báyìí. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, tí ń gba ohun tí wọ́n bá fún un, tí ń dúpẹ́. Inú ìyá rẹ̀ dùn débi pé àyà fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn ún.

Ibafo ló kọ́kọ́ lọ, torí kò jìnnà. Bí wọ́n bá sọ fún obìnrin wa pé kó má ra nǹkan pọ́ọ́kú, àfi kó kọ́kọ́ lọ wò ó ná. Ó gbé ti ike náà sójú, ó kọjú sí pátákó ìpolówó tó wà lójú títì márosẹ̀, ó sì rí pátákó náà bó ṣe ń rí i tẹ́lẹ̀, àfi pé ó tún ṣókùnkùn díẹ̀ sí i. Ó dá a padà. Nígbà tó kan ọjọ́ tó fẹ́ lọ ra bọ́tìnnì ní Ifọ̀, ó mú Táíwò dání, torí wọ́n ti sọ fún un nípa Mùíbì tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀ nítòsí ojú irin.

Láàárín áyọ́ọ̀nù àti rédíò àtijọ́ ni Mùíbì ti fa awò dúdú kan yọ, ńlá, ó ní àwọn ṣójà òyìnbó ló ń lò ó. Nùsírátù gbé e sójú, òpó iná tó wà lódìkejì ojú irin sì fò wá síwájú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi fa orí sẹ́yìn. Mùíbì rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e kọ́ Táíwò lọ́rùn, ọrùn ọmọ tẹ̀ síwájú, ojú awò méjèèjì sì jìnnà síra ju ojú ọmọ náà lọ. Ó ní apá kan òun ń rí ọ̀nà, apá kejì òkùnkùn ni. Mùíbì gbà pé òótọ́ ni, pé èyí tó ṣeé ká láàárín ló yẹ ọmọdé. Ó wọlé, ó sì mú méjì jáde, aláwọ̀ ewé, kékeré, tí kò wúwo ju ago tíì lọ. Ó ká ọ̀kan títí ojú rẹ̀ fi bá ojú Táíwò mu.

Táíwò wo ọ̀nà ojú irin lọ títí. Ìyá rẹ̀ ti ń rò pé èyí náà kò dáa.

"Mọ́mì," ló wá sọ wẹ́rẹ́, "ewúrẹ́ kan ń jẹ bébà lọ́hùn-ún. Mo rí eyín rẹ̀."

Ìyẹn ti parí ọ̀rọ̀. Nùsírátù ní kó di méjèèjì. Mùíbì bi í pé ṣé ọmọ méjì ló ń lọ ilé-ìwé náà ni, Nùsírátù sì dáhùn pé ìbejì ni wọ́n. Ojú ọkùnrin náà yí padà. Ó ní ìbejì ló gbẹ̀yìn ìyá òun, ó ṣàdúrà fún àwọn ọmọ náà, ó sì ń já owó awò náà wálẹ̀ títí tí ìyàwó rẹ̀ fi wúkọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó wá béèrè ìkejì, ó ní ì bá dùn mọ́ òun kí òun rí àwọn méjèèjì papọ̀.

"Ó wà nílé," ni Nùsírátù wí.

Táíwò yíjú wo ìyá rẹ̀, lẹ́yìn náà ó wolẹ̀. Bí Mùíbì ṣe já a wálẹ̀ tó, owó bọ́tìnnì ṣì bá a lọ.

Nígbà tí wọ́n délé, Nùsírátù fa àpótí jáde, ó sì fi èkejì sáàárín bàtà tí ẹsẹ̀ kankan kò wọ̀ rí. Táíwò dúró tì í. Ó béèrè bóyá wọ́n lè máa mú un síta lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá rẹ̀ ní ti Kẹ́hìndé ni, ó sì pa ìdérí dé.

Lọ́jọ́ tí tíṣà kọ́kọ́ kó wọn lọ sétí àbàtà, ẹnu Táíwò kò dákẹ́ láti ìgbà tó ti délé. Ó sọ nípa lékeléke tó ń jẹ ẹja, ó sọ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú àmọ́ ẹnu rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ó tún sọ pé Ọmọlabí, ọmọ bàbá tó ń lẹ táyà létí títì, kò rí awò yá, pé àwọn ẹyẹ ti fò lọ kó tó kàn án láti wò. Etí kan ni Nùsírátù fi gbọ́, aṣọ oníbàárà ló wà níwájú rẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ó ra ìbọ̀sẹ̀ ilé-ìwé, méjì-méjì. Ó fa àpótí jáde láti fi ti Kẹ́hìndé sí i. Awò kò sí níbẹ̀. Ó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó gbọn aṣọ, ó wo inú bàtà. Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà á, kí ìbínú tó dé. Ó fojú inú rí Táíwò lórí ẹní, tí ibà ń ṣe, tí ẹni tó bínú ń pè é láti ibi tí ọwọ́ ìyá kò tó. Ó jáde lọ sí ilé-ìwé láìti ilẹ̀kùn, tépù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì ń to ohun tí yóò sọ lọ́nà. Etí ọmọ náà yóò gbọ́ nǹkan lónìí.

Kò sí ẹnikẹ́ni ní kíláàsì. Ó gba ẹ̀yìn ilé-ìwé. Àwọn ọmọ ti tò sétí àbàtà, Tíṣà Olúfúnṣọ́ sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nípa àwọn ẹ̀gà tó ń hun ìtẹ́ wọn sórí ọ̀pẹ. Nùsírátù la ẹnu láti pe Táíwò, ó sì rí i ní ìparí ìlà. Ó rí méjì.

Ọmọbìnrin méjì ni wọ́n, wọ́n dúró ní ìgunpá-kan-ìgunpá, wọ́n gbé ojú sókè. Yúnifọ́ọ̀mù kan náà, gíga kan náà. Ṣùkú ni irun tí ilé-ìwé pàṣẹ lọ́sẹ̀ yẹn, ṣùkú ló wà lórí àwọn méjèèjì. Ọwọ́ àti awò aláwọ̀ ewé bo ojú wọn, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè mọ èyí tó jẹ́ Táíwò nínú wọn. Ọdún mẹ́rin ni Nùsírátù ti ń ra bàtà fún ẹsẹ̀ tí kò rí, tó ń fojú inú díwọ̀n ọmọ tó ń dàgbà níbi tí kò mọ̀. Bí yóò ṣe ga nìyí. Bí yóò ṣe dúró ti ìkejì rẹ̀ nìyí.

"Kẹ́hìndé," ló pè. Kò mọ̀ pé òun pè é títí tó fi gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

Àwọn méjèèjì yíjú. Ọ̀kan ni Táíwò. Èkejì ni Ọmọlabí, ó sì ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kí Nùsírátù tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó ń wá bí yóò ṣe bọ́ okùn awò náà lọ́rùn. Táíwò kúnlẹ̀ tì í.

"Mọ́mì, ẹ má bínú. Èmi ni mo gbé e fún un."

"Kí ni mo sọ fún ẹ nípa nǹkan Kẹ́hìndé?"

"Ẹ ní kí n má fọwọ́ kàn án. Àmọ́ inú àpótí ṣókùnkùn, Mọ́mì. Kẹ́hìndé ò lè rí nǹkan kan níbẹ̀."

Tíṣà ti gbé ẹsẹ̀ láti wá bá wọn, ó sì tún dúró. Nùsírátù wo ọmọ rẹ̀. Gbogbo ọdún yìí ló fi ń ṣọ́ Táíwò nítorí ìkejì rẹ̀, Táíwò kò sì bẹ̀rù ìkejì rẹ̀ rárá. Ó ń káàánú rẹ̀ ni.

Ọmọlabí fi ọwọ́ méjèèjì na awò náà sí i. Nùsírátù gbà á. Gbogbo àwọn ọmọ rò pé yóò gbé e lọ. Ó gbé e sójú, ó kọjú sí ọ̀pẹ, ó sì ní òun kò rí nǹkan kan.

"Ẹ yí nǹkan àárín yẹn, mà," ni Ọmọlabí wí láti orí ìkúnlẹ̀. "Ó máa mọ́."

Ó yí i. Ọ̀pẹ ṣì yọ́ mọ́ ojú ọ̀run bí ohun tó wà lábẹ́ omi.

"Ẹ yí i sápá kejì, mà."

Ó yí i sápá kejì. Táíwò ti rí ohun tó ń ṣàn wá sí àgbọ̀n ìyá rẹ̀, ó rọra fi ìgunpá ta Ọmọlabí pé kó fi í sílẹ̀. Kò yé Ọmọlabí. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló mọ̀, ó sì ń sọ ọ́ tinútinú pé kí wọ́n má kánjú, pé yóò mọ́.

Nígbà tó yá, ó mọ́. Ẹ̀gà kan wà níbẹ̀, pupa rúsúrúsú, ó di ewé kan mú lẹ́nu, ó ń tì í bọ inú ìtẹ́, ó ń fà á yọ, ó tún ń tì í. Nùsírátù wò ó títí ewé náà fi dúró. Lẹ́yìn náà, ó fa Ọmọlabí dìde, ó gbé awò náà kọ́ ọ lọ́rùn padà, ó sì ta okùn rẹ̀ ní kókó kan kó má bàa gùn jù fún un.

"Má jẹ́ kó bọ́ sómi," ló wí. "Ti Kẹ́hìndé ni. Tẹ́ ẹ bá jáde nílé-ìwé, tẹ̀lé Táíwò wálé, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi ohun tí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí."